Òkè Kan Ṣoṣo Tó Wà Ní Lẹ́kí

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ní Lẹ́kí ni pé kò sí òkúta. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ní Ṣábẹ̀ẹ́ tí wọ́n ti bí mi, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, òkúta la fi ń ti ilẹ̀kùn, òun la fi ń gbé ìkòkò ka iná, òun la sì fi ń lé ewúrẹ́ tó bá yọjú sí àgbàdo wa. Àwọn òkè wa dúró yí ìlú ká, wọ́n ga, wọ́n dúdú, bí àgbà tó ń wo ohun tí àwọn ọmọ ń ṣe. Ọjọ́ kejì tí mo dé Lẹ́kí, ajá kan gbó mọ́ mi ní Ìkàtẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ kí n mú òkúta, bó ti mọ́ mi lára. Iyanrìn ló kún ọwọ́ mi. Ajá náà wò mí títí, àánú mi ṣe é, ó bá tirẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá rí i bí ilẹ̀ náà ti tẹ́jú tó. Láti etí ọ̀sà títí dé etí òkun, kò sí ibi tí ènìyàn lè dúró sí kó wo ibi tó ti wá. Mo máa ń rìn lójú títì, ọrùn mi á máa wá nǹkan kan tó ga tí kì í ṣe ilé. Bí a bá sì gbẹ́ ilẹ̀ dé orúnkún, omi á yọ. Mo bi ọ̀gá tí mo kọ́kọ́ bá ṣiṣẹ́ pé, "Ọ̀gá, kí ló wà lábẹ́ omi yẹn?" Ó ní, "Omi mìíràn. Bọ́ sẹ́nu iṣẹ́, jàre."

Táìlì ni mò ń tẹ́. Àwa ará Bẹ̀nẹ̀ àti àwọn ará Tógò ni àwọn onílé Lẹ́kí máa ń wá bí ilé wọn bá kan táìlì, wọ́n ní iṣẹ́ wa mọ́. Ìyìn náà dùn mọ́ mi, àmọ́ orúkọ tí wọ́n ń pè wá ò dùn mọ́ mi. Àgànyìn. Ìbáà jẹ́ Tógò, ìbáà jẹ́ Bẹ̀nẹ̀, ìbáà jẹ́ ẹni tó fi Yorùbá mu ọmú ìyá rẹ̀, Àgànyìn ni gbogbo wa. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ la ẹnu níbi iṣẹ́, tí mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará," bíríkìlà kan ju ṣọ́bìrì rẹ̀ sílẹ̀.

"Há! Àgànyìn yìí ń sọ Yorùbá!"

Mo ní, "Yorùbá ni mí."

"Yorùbá ibo?"

"Ṣábẹ̀ẹ́."

"Ìyẹn wà lọ́nà Ọ̀yọ́ ni àbí Òndó?"

Mo ní kò sí nínú méjèèjì, ẹ̀yìn bọ́dà ló wà. Ó ronú sí i dáadáa, ó wá fi ọwọ́ kàn mí léjìká. "Ẹ gbìyànjú o. Ẹ kọ́ ọ débi tó dára."

Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ ó dùn mí. Àwọn tó fa ìlà bọ́dà ò bi ìyá ìyá mi léèrè kí wọ́n tó fà á. Oríkì tí Màmá fi ń jí mi láàárọ̀, bíríkìlà yẹn náà mọ irú rẹ̀ nílé wọn. Síbẹ̀ mo di àlejò láàárín àwọn tí ń kí ara wọn bí a ti ń kí ara wa. Èyí tó tún burú ni pé bí mo bá pe ilé lórí fóònù, mo máa ń gbọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ń pariwo, "Ará Nàìjíríà ló ń pè!" Mo wá dà bí ẹni tó jókòó sórí ògiri láàárín ilé méjì, tí onílé kọ̀ọ̀kan ń ní kó lọ sílé rẹ̀.

Yàrá mi wà ní Jakande, ní Ìlàṣàn, ní ìsàlẹ̀ ilé alájà mẹ́ta kan. Láti Monday dé Saturday, ara mi kì í mọ̀ pé òun dá wà, nítorí táìlì ò jẹ́ kí ènìyàn ráyè ronú. Ọ̀sán Sunday ni wàhálà mi. Àwọn ará ilé á ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn mìíràn á ti lọ kí ẹbí, èmi nìkan á máa gbọ́ bí ẹ̀rọ omi ìta ti ń kán tó tó tó. Ìgbà náà ni mo máa ń pe ilé.

Màmá ló máa ń kọ́kọ́ gbé e. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Àjíkẹ́, ọmọ mi. Ọmọ ọdún méjì ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí mo kúrò nílé. Lọ́dọ̀ Màmá ló wà. Ní àkọ́kọ́, ó máa ń sunkún lórí fóònù. Nígbà tó yá kò sunkún mọ́, ó wá ń bi mí ní ìbéèrè bí ẹni tó fẹ́ dá ènìyàn mọ̀. "Bàbá, ṣé ẹ ṣì ní irùngbọ̀n?" "Bàbá, èwo ni ẹ fi ń jẹun, ọ̀tún àbí òsì?" Ọjọ́ tó béèrè ìyẹn, mi ò lè jẹun alẹ́. Ọmọ mi ti ń gbàgbé mi, ó sì ń fi ọ̀wọ̀ gbàgbé mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ òkè fún yín, nítorí òun ló fa gbogbo rẹ̀.

Nígbà ogun àtijọ́, orí òkè ni àwọn baba wa sá sí. Ẹni tó mọ òkè ló yè é. Láti ìgbà yẹn, ìdílé wa ní àṣà kan. Bí ọmọ wa bá lọ tẹ̀dó sí ìlú mìíràn, wọ́n á mú òkúta kékeré kan lẹ́sẹ̀ òkè ilé, wọ́n á fi lé e lọ́wọ́. Tó bá dé ọ̀hún, kó gun òkè ìlú náà, kó kí i, kó wo ọ̀nà tí yóò gbà jáde bí ọ̀ràn bá dé àti ibi tí omi ń gbà kọjá, kó wá gbé òkúta ilé sílẹ̀ níbẹ̀. Títí yóò fi ṣe é, àlejò ni. Màmá a sì máa fi tirẹ̀ kún un pé, "A kì í tọ́ ọmọ nílé àlejò."

Mo ti mú òkúta tèmi dání wá. Ó dúdú, ó fẹ̀ tó ẹyin adìẹ. Oṣù kan lẹ́yìn tí mo dé, Màmá bi mí lórí fóònù.

"O ti gun òkè wọn?"

Mo wo òde. Ilẹ̀ tẹ́jú bí àwo. Ó yẹ kí n ní, "Màmá, wọn ò ní òkè." Ojú tì mí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún un pé ìlú tí mo torí rẹ̀ fi ọmọ mi sílẹ̀ ò ní ibi tí mo lè dúró sí kí n kí wọn nílé?

"Mo ti gùn ún, Màmá."

"Ó ga?"

"Ó ga dáadáa."

Ilé alájà mẹ́rin kan ní Ìkàtẹ́ ni mo ní lọ́kàn, èyí tí mò ń gbé sìmẹ́ńtì gòkè rẹ̀ lójoojúmọ́. Òkúta náà wà nínú àpò irinṣẹ́ mi. Ibẹ̀ ló wà fún ọdún mẹ́ta.

Nǹkan ń dára díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá mi ní kí n dá ilé ìwẹ̀ kan tẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ilé ìwẹ̀ ni a fi ń mọ ọ̀mọ̀ràn nínú iṣẹ́ wa, nítorí ilẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ́jú lójú, kó sì rọra dà lábẹ́nú, kí omi lè mọ ibi tó ń lọ. Nígbà tí mo parí, ọ̀gá da korobá omi kan sílẹ̀. Gbogbo wa dúró, a ń wò ó. Omi náà yí díẹ̀, ó ronú, ó wá gba ojú ihò lọ láìṣẹ́kù. Ọ̀gá kàn ní kí n wá bá òun níbi iṣẹ́ mìíràn lọ́la. Mo rìn láti Ìkàtẹ́ dé Jakande lọ́jọ́ yẹn, ẹsẹ̀ mi ò kan ilẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń gba iṣẹ́ tèmi. Mo fi pálọ̀ kún yàrá mi, mo tẹ́ táìlì sí i fúnra mi. Mo rí ilé ìwé kan tí kò jìnnà sílé. Mo wá pe Màmá pé mo fẹ́ kí Àjíkẹ́ máa bọ̀.

Ó ní, "Ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ. Èmi náà á wo ilé kí n tó fi ọmọ ránṣẹ́. Mò ń bọ̀."

Mo lọ wo òkúta inú àpò irinṣẹ́ mi.

Ó dé ní ìrọ̀lẹ́ Friday pẹ̀lú iṣu àti wàrà tó dì sínú ewé. Ó wo yàrá, ó wo pálọ̀, ó fi ọwọ́ pa táìlì ilẹ̀ wò, ó ní, "Ó mọ́." Ó jẹun tán, ó na ẹsẹ̀. "Lọ́la, wàá mú mi lọ sórí òkè yẹn. Mo fẹ́ rí ibi tí o gbé òkúta wa sí."

Mi ò fi bẹ́ẹ̀ sùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo ti ní ète kan. Mo máa mú un rin ìlú káàkiri títí ó fi máa rẹ̀ ẹ́. Ẹni àádọ́rin ọdún ni. Nígbà tí oòrùn bá fi máa mú, òun fúnra rẹ̀ ló máa ní ká padà sílé. Bí ìyẹn ò bá ṣiṣẹ́, mo ti ní ètò kejì: òkìtì iyanrìn kan wà létí ọ̀sà lápá Ajah, tí wọ́n fi ẹ̀rọ fà jáde látinú omi, tí àwọn oníyanrìn ń tà fún àwọn tó ń kọ́lé. Ó ga tó ilé alájà mẹ́ta. Mo yọ òkúta nínú àpò irinṣẹ́, mo tì í bọ àpò ṣòkòtò mi.

Afárá tí wọ́n fi okùn irin so kọ́ la kọ́kọ́ lọ wò, èyí tó gba orí ọ̀sà lọ sí Ìkòyí. A fi ẹsẹ̀ rìn ín. Àwọn tó ń sáré ìdárayá ń kọjá lára wa, Màmá sì ń kí gbogbo wọn. "Ẹ kú iré o! Ta ló ń lé yín?" Ọmọbìnrin kan yọ nǹkan kúrò létí, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ lórí ìrìn. "Kò sẹ́ni tó ń lé wa, Grandma. Exercise ni." Màmá yíjú sí mi. "Wọ́n ń sáré, kò sì sẹ́ni tó lé wọn. Ìlú yìí ní àlàáfíà."

Ó gbé orí sókè wo àwọn okùn irin náà, ó kà wọ́n títí ó fi ṣì í kà. Ó béèrè ta ló gun òkè yẹn lọ so wọ́n, ṣé ó ní ìyàwó, kí ni ìyàwó rẹ̀ sọ. Mi ò mọ ìkankan.

"Ó ga díẹ̀," ni mo ní, bí ẹni tó ń dán nǹkan wò.

"Ó ga. Àmọ́ afárá ni. Òkè dà?"

"A ṣì máa débẹ̀, Màmá."

A wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí etí òkun ní Ìkàtẹ́. Màmá ò rí òkun rí. Ó dúró lókèèrè ná, ó ń wo bó ti ń dìde tó ń wó. Ó súnmọ́ ọn, ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó tọ́ ọ wò, ó tutọ́. "Ta ló da iyọ̀ sí gbogbo èyí?" Àwọn aláṣọ funfun kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń gbàdúrà, wọn ò wọ bàtà, ìdí aṣọ wọn ti tutù. Màmá bọ́ bàtà tirẹ̀ náà, ó dúró lẹ́yìn wọn, ó ń ṣe àmín sí gbogbo àdúrà wọn láìmọ ohun tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún. Nígbà tí wọ́n ṣetán, ìyá kan láàárín wọn dì mọ́ ọn. Ọdún mẹ́ta ni mo ti wà ní Lẹ́kí, kò sẹ́ni tó dì mọ́ mi rí. Mo jowú ìyá mi.

Oòrùn ti mú. Mo ní, "Màmá, ṣé kò tíì rẹ̀ yín?"

"Ìwọ ńkọ́?"

Ó ti rẹ̀ mí dé egungun.

Ní Ajah, a wọ ilé oúnjẹ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀. Mo ra ẹ̀wà àgànyìn àti búrẹ́dì. Màmá jẹ ẹ́, ó yìn ín, ó béèrè orúkọ rẹ̀. Nígbà tí mo sọ ọ́, tí mo sì sọ fún un pé orúkọ yẹn náà ni wọ́n ń pè wá, ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Wọ́n ń jẹ wá lójoojúmọ́, wọn ò sì tíì mọ̀ wá?"

Obìnrin tó ń bu oúnjẹ gbọ́, ó bú sẹ́rìn-ín débi pé ó fi ẹ̀wà kún tiwa. "Mọ́mì, ẹ má bínú o. Láti òní lọ, èmi ti mọ̀ yín."

Màmá nu ọwọ́. Ó dìde. "Ó yá. Òkè."

Ètò kejì ló kù. A wọ kẹ̀kẹ́ dé ojú ọ̀nà tí àwọn típà ń gbà, a fi ẹsẹ̀ rìn ín dé etí ọ̀sà. Òkìtì iyanrìn náà dúró síbẹ̀, ó funfun lójú oòrùn ìrọ̀lẹ́. Bàbá àgbàlagbà kan ló ń ṣọ́ ọ, ará àdúgbò náà ni, ẹja ni ó ń pa kí iyanrìn tó dé. Ó kí wa bí àwọn ará Ìjẹ̀bú ti ń kí ènìyàn, "Ẹ wáre o." Mo ṣàlàyé pé ìyá mi kàn fẹ́ gùn ún wò ni.

"Iyanrìn lẹ fẹ́ gùn?" Ó wo Màmá láti òkè dé ilẹ̀. "Ó dáa. Èmi náà á bá yín lọ, kí ẹ má lọ ṣubú sí mi lọ́rùn."

Iyanrìn kì í ṣe òkúta. Bí mo bá gbé ẹsẹ̀ kan sókè, á fà mí padà ní ìdajì. Mo ń mí hẹlẹhẹlẹ. Màmá ti ká ìró rẹ̀ sókè, ó fi bàtà há abíyá, kò dojú kọ òkè náà gan-an bíi tèmi, ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà, á lọ sọ́tùn-ún, á yí, á lọ sósì, bí a ti ń gun òkè nílé. Mo ti gbàgbé bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́ta péré, ẹsẹ̀ mi ti gbàgbé. Mo ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Òun ló dúró dè mí lókè.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí Lẹ́kí. Mo ti tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, mi ò rí i rí. Ọ̀sà wà lápá kan, òṣíbàtà bò ó, ọkọ̀ ojú omi kékeré méjì ń la àárín rẹ̀ kọjá. Òrùlé lọ bí ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lápá kejì, pupa, dúdú, àwọ̀ eérú, omi sì ń tàn láàárín wọn níbi tí ènìyàn ò retí omi. Lókèèrè réré ni ìlà òkun wà. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé irọ́ mi fún ìṣẹ́jú kan.

"Òkúta wa dà?" ni Màmá wí.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo fi ọwọ́ kan wá inú iyanrìn, mo fi èkejì yọ ọ́ nínú àpò mi. "Òun nìyí, Màmá. Ibi tí mo gbé e sí lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn gan-an."

Bàbá tó ń ṣọ́ iyanrìn rẹ́rìn-ín. Kò ní èrò búburú kankan, ó kàn fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀ ni. "Ọdún mẹ́ta kẹ̀? Omi nibí yìí lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ibi tí ẹ dúró sí yìí, àwọ̀n mi ni mò ń nà síbẹ̀. Lẹ́yìn iléyá tó kọjá ni wọ́n da iyanrìn."

Màmá gba òkúta náà lọ́wọ́ mi, ó yí i wò. Sìmẹ́ńtì ti gbẹ mọ́ ọn lára láti inú àpò irinṣẹ́. Ó fi èékánná họ ọ́.

"Níbo ló wà?"

"Nínú àpò irinṣẹ́ mi, Màmá."

"Òkè tí o ní o gùn ńkọ́?"

"Ilé ni. Ilé alájà mẹ́rin. Wọn ò ní òkè níbí, Màmá. Ojú ló tì mí."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Tèmi ò tiẹ̀ lọ jìnnà. Mo rò pé ó máa bú mi. Ì bá dára bó bá bú mi. Ńṣe ló yíjú sí bàbá náà, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ bi í léèrè ibi tí omi òjò ń gbà lọ sọ́sà. Bàbá náà na ọwọ́ sí àwọn ibi tó ń gbà tẹ́lẹ̀, ó na ọwọ́ sí àwọn ibi tí ilé ti dí, ó ní lásìkò òjò, omi máa ń dàrú, kì í mọ ọ̀nà ilé mọ́. Màmá béèrè nípa Jakande. Bàbá ní ibẹ̀ sàn díẹ̀.

Màmá wá kúnlẹ̀, ó gbé òkúta náà sórí iyanrìn. "Òkè, a kí ọ o. Ṣábẹ̀ẹ́ la ti wá. Èyí ni ọmọ mi, bó ti wù kó rí." Ó dìde, ó gbọn ìró rẹ̀. Ó wò mí lójú. "Òkè yìí ò ṣẹ̀ mí, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tinú omi jáde ni, kò mọ nǹkan kan. Ìwọ lo ṣẹ̀ mí. Àjíkẹ́ á dúró lọ́dọ̀ mi ná. Ẹni tó lè parọ́ òkè fún mi, bí ọmọ bá ń ṣàìsàn, á ní ara rẹ̀ le."

Ohun tí mo ṣe gan-an nìyẹn nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́: mo ní ara mi le. Ó lọ sílé ní Monday.

Àwọn Sunday tó tẹ̀lé e ò rọrùn. Màmá ń gbé fóònù, ó ń kí mi, kò mẹ́nu kan òkè. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, mo sì ti ń ronú pé bóyá kí n kó ẹrù mi. Nígbà tó di oṣù kejì, iṣẹ́ gbé mi lọ sí Ajah. Mo ní kí n lọ wo òkúta wa.

Òkè náà ò sí mọ́.

Ilẹ̀ gbalasa ni mo bá, ojú ẹsẹ̀ táyà típà ló kún ibẹ̀. Bàbá jókòó sórí àga onípákó, kò ṣọ́ nǹkan kan.

"Wọ́n ti tà á tán," ó ní. "Wọ́n kó o lọ síbi gbogbo. Wọ́n fi dí àbàtà, wọ́n fi po sìmẹ́ńtì. Ó ti lọ."

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ wa ilẹ̀. Mo mọ̀ pé ìwà òmùgọ̀ ni. Bàbá wò mí títí, ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òun náà ń wá a. A wá a títí oòrùn fi wọ̀. A ò rí i.

Sunday tó tẹ̀lé e, mo di fóònù mú, mo jókòó sórí táìlì pálọ̀ mi. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Màmá ò ní padà wá yẹ ibẹ̀ wò. Bó bá béèrè, mo lè ní, "Ó wà níbẹ̀, Màmá, mo lọ kí i lánàá," inú rẹ̀ á sì dùn. Ó tiẹ̀ lè tìtorí ẹ̀ rọ̀ díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Àjíkẹ́. Irọ́ náà ti wà létè mi, ó dùn bí oyin. Mo tẹ nọ́ńbà.

"Màmá, wọ́n ti ta òkè yẹn. Gbogbo rẹ̀. Òkúta wa bá a lọ. Mo wá a, mi ò rí i."

Mo gbọ́ tó fa àga, tó jókòó.

"Kí ni wọ́n fi ṣe?"

"Wọ́n fi kọ́lé, Màmá."

"Òkúta wa wà nínú ilé ẹnìkan?"

"Nínú ilé tàbí lábẹ́ ilé. Mi ò mọ èyí tó jẹ́."

Nígbà náà ni mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Ẹ̀rín tí kò tíì rín sí mi láti ìgbà tó ti lọ ni, ó bẹ̀rẹ̀ láti inú ikùn. "Wò ó! Ìwọ tí o ti wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, àlejò ni ọ́. Òkúta dé lọ́jọ́ mélòó, ó ti di onílé l'Ékòó!" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wú ikọ́. Ó wá sọ ohùn kalẹ̀. "Ká ní o parọ́ fún mi pé ó ṣì wà níbẹ̀, ǹ bá gbà ọ́ gbọ́."

"Mo mọ̀, Màmá."

"Mo mọ̀ pé o mọ̀. Àjíkẹ́! Wá bá bàbá rẹ sọ̀rọ̀. Béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ohun tí ó yẹ kí o dì sínú ẹrù."

Màmá àti Àjíkẹ́ dé Ajah lọ́sẹ̀ tí ilé ìwé wọlé. Àjíkẹ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó ti ga, ó wò mí lójú, ó wo irùngbọ̀n mi, ó wo ọwọ́ mi méjèèjì. Ó kúnlẹ̀ kí mi bí ẹni tó ń kí àlejò. Mo gbé e sókè kó tó kí mi tán, mo sì sunkún níbẹ̀ láàárín èrò, mi ò fi pamọ́.

Nígbà tó wọ pálọ̀, ó la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Òkúta dúdú kan ló wà níbẹ̀, ó kéré ju tèmi lọ.

"Ìyá àgbà ní kí n mú un wá. Bàbá, wọ́n ní ẹ ò ní òkè. Ibo la máa gbé e sí?"

Mo gbé àpò irinṣẹ́ mi wá. Mo fi irin ṣí táìlì kan lẹ́nu ọ̀nà, mo gbẹ́ ihò díẹ̀ nínú iyanrìn tó wà lábẹ́ rẹ̀. Àjíkẹ́ gbé òkúta rẹ̀ sí i. Mo da sìmẹ́ńtì bò ó, mo dá táìlì padà, mo tẹ̀ ẹ́ títí ó fi gún. Màmá jókòó lórí àga, ó ń wò wá. A dúró di ọjọ́ kejì kí ó gbẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Àjíkẹ́ bọ́ bàtà, ó gun orí táìlì yẹn. Ó yọjú wo ọ̀nà tó lọ sí títì. Ó yí padà wo inú ilé.

"Bàbá, ibo ni omi ń gbà?"

Mo fi ojú ihò tí omi ń gbà jáde lẹ́bàá ògiri pálọ̀ hàn án. Kò gbà mí gbọ́ bẹ́ẹ̀. Ó lọ bu ife omi kan, ó dà á sílẹ̀, ó tẹ̀ lé e ní ìlóṣòó láti ẹnu ọ̀nà títí ó fi wọlé sínú ihò náà.

"Ó dáa," ó ní, ó sì lọ kó ẹrù rẹ̀ jáde nínú àpò.